Omi Kọ́kọ́ Wọ Ife

Sẹ̀gilọlá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. Kò wọlé, kò sì padà. Ohùn Olúrẹ̀mí, ọmọbìnrin Bàbá Tíṣà, ń jáde láti inú fóònù tí Bàbá gbé ti agolo wàrà lórí tábìlì. Ohùn náà mọ́ gaara, àfi bí ẹni pé yàrá kejì ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà, tí kì í ṣe Jàpáànù.

"Bàbá, mo ti rí èsì àyẹ̀wò yín. Nọ́ọ̀sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti ga ju ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lọ. Báwo ló ṣe jẹ́?"

Bàbá Tíṣà wúkọ́ díẹ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀. Ó ní bóyá ẹ̀rọ àwọn nọ́ọ̀sì ló bàjẹ́.

Olúrẹ̀mí ní ẹ̀rọ kankan ò bàjẹ́. Ó ní òun àti Adémúyìwá ẹ̀gbọ́n òun ti jọ sọ ọ́ yanjú. Adémúyìwá ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé. Bàbá yóò bá a padà, yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ níbi tí dókítà wà nítòsí. Ilé Ìlá yóò wà ní títì ná, títí ara Bàbá yóò fi balẹ̀.

Tíréè ọwọ́ Sẹ̀gilọlá gbá ilẹ̀kùn. Ife orí rẹ̀ dún.

"Ta nìyẹn? Ṣé Ìyá Tẹ́jú ni? Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí n rí yín."

Ó wọlé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gbé tíréè kalẹ̀, ó sì yọjú sí fóònù bí ẹni tó ń yọjú sí kànga. Olúrẹ̀mí kí i dáadáa, ó béèrè Tẹ́júọlá, ó béèrè orúnkún tó ń dùn ún.

"Ìyá Tẹ́jú, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ẹ kì í fi ṣúgà sí nǹkan Bàbá?"

Sẹ̀gilọlá wo ife. Ó wo Bàbá. Bàbá ń wo fèrèsé.

"Rárá o, Àǹtí Rẹ̀mí. Kò sí ohun tó jọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí ó tó mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Hóró ṣúgà mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ yẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn ò tíì yọ́ tán.

Ọdún kẹfà rèé tí Sẹ̀gilọlá ti ń gbé nílé Bàbá Oyèwọlé, ẹni tí tèwe tàgbà ń pè ní Bàbá Tíṣà, nítorí pé kò sí agbo ilé tí kò ti kọ́ ọmọ ní Ìlá. Ìyàwó Bàbá ló kọ́kọ́ wá tọ́jú nígbà tí ìyá náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí ìyá kú, tí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lábẹ́ igi ọsàn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún Sẹ̀gilọlá pé kí ó máa lọ, òun náà ò sì béèrè. Níbo ni yóò lọ? Ọkọ rẹ̀ ti kú, àbúrò ọkọ sì ti kó ẹrù sínú yàrá rẹ̀ ní Ọ̀rà. Tẹ́júọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Ìgbájọ, òun àti ọkọ àti ọmọ mẹ́ta nínú yàrá kan. Ó wá di ẹni tó ń rọra rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, àyà rẹ̀ a kọ́kọ́ já kí ẹnu rẹ̀ tó jẹ́. Ìwé karùn-ún ló ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá na ìwé sí i, yóò ní ojú ń dun òun.

Bàbá fẹ́ràn tíì. Nígbà ayé ìyàwó rẹ̀, hóró ṣúgà márùn-ún ló máa ń fi mu ún, pẹ̀lú wàrà tó fi máa ń nípọn bí ògì. Nígbà tí dókítà wá sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ti wọ̀ ọ́ lára, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ahọ́n kan ṣúgà mọ́, Bàbá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìdí rèé tí Olúrẹ̀mí fi wá ẹni tó ń bọ̀ nílé, tó fi agolo tíì méjì rán an. Ó ní ohun tí àwọn ará Jàpáànù ń mu láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, wọn kì í fi ṣúgà sí i, wọn kì í fi wàrà sí i.

Sẹ̀gilọlá ṣí agolo. Ewé ló wà níbẹ̀, ewé tútù lójú ṣùgbọ́n gbígbẹ lọ́wọ́, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó ń rùn bí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́yìn òjò. Ìwé kan tí wọ́n ṣẹ́ po wà lórí rẹ̀. Ó ṣí i, ó rí àwọn lẹ́tà tó dà bí ilé aláǹtakùn, ó rí àwòrán ife mẹ́ta. Ó ní ó dáa, èèyàn mẹ́ta ló máa ń mu ún pọ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó fi í sábẹ́ agolo kejì.

Kò sí iyè méjì nínú rẹ̀ nípa ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ewé ni. Ti àìsàn sì ni. Bí àgbo ni à ń se ewé àìsàn, kí omi rẹ̀ lè dúdú, kí ó lè korò. Àgbo tí kò korò, ta ni yóò gbà pé ó ń ṣiṣẹ́? Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìkòkò, ó bomi lé e, ó sì sè é títí ó fi hó yaya.

Bàbá gbé e mu lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Tẹ́jú," ó ní, "àwọn ará Jàpáànù yìí lágbára o." Ó mu ún dé ìdajì nítorí ọmọ rẹ̀. Ó da ìyókù sídìí òdòdó.

Lọ́jọ́ kejì, Sẹ̀gilọlá ronú sí i. Ṣebí ewúro náà korò, ọwọ́ ni a fi ń gba ìkorò rẹ̀. Ó rẹ ewé náà sómi, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó fún un, títí ìfófòó fi bo ọwọ́ rẹ̀. Ewúro gbọ́ èdè ọwọ́. Ewé yìí ò gbọ́. Bí ó ṣe ń fún un tó ni ìkorò ń jáde tó. Nígbà tó tún wá sè é, iyọ̀ àti ìkorò ló jọ pàdé lẹ́nu Bàbá. Bàbá ò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn gbé ife sílẹ̀, ó ní òun yóò mu omi.

Àánú ló ṣe Sẹ̀gilọlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú hóró ṣúgà kan nínú páálí tí wọ́n tọ́jú fún àlejò, ó jù ú sínú ife. Bàbá mu ún. Ó dúró díẹ̀. Ó mu ún tán, ó sì gbé ife kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, hóró náà di méjì. Ó di mẹ́ta, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Sẹ̀gilọlá ò wí, Bàbá ò béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ò sì tọ́ tíì náà wò rí. Ta ló máa ń tọ́ oògùn olóògùn wò?

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Olúrẹ̀mí pè yẹn, Bàbá gbé àpótí jáde, ó ń to ìwé sínú rẹ̀. Bíbélì ńlá, ìwé orin, fọ́tò ìyàwó rẹ̀. Yóò to méjì, yóò yọ ọ̀kan. Sẹ̀gilọlá ń ká aṣọ fún un.

"Ilé Múyìwá, àjà kẹta ni," Bàbá ní. "Ọdún tí mo lọ síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀."

"Wọn yóò tọ́jú yín, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ọmọ dáadáa ni." Ó wo ìta, síbi igi ọsàn. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí o máa bá mi bomi rin ìdí igi yẹn. Kò fẹ́ràn òùngbẹ."

Sẹ̀gilọlá ò mọ̀ bóyá igi ni Bàbá ń sọ tàbí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ wí pé, ta ni yóò ṣí géètì fún òun bí wọ́n bá ti ilé? Kò wí i. Bàbá fúnra rẹ̀ ló rántí. Ó gbé ìwé orin dání, ó yíjú sí i, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wálẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, Ìyá Tẹ́jú?"

"Ọlọ́run wà, Bàbá."

Ẹnu rẹ̀ là láti sọ èyí tó kù. Aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀ ló tún ká. Bí òun bá jẹ́wọ́, wọn yóò lé òun. Bí òun ò bá jẹ́wọ́, wọn yóò gbé Bàbá lọ, ilé yóò di títì, òun náà yóò ṣáà lọ. Ó rò ó títí, kò rí ọ̀nà kẹta. Ó ní òun fẹ́ lọ wo iná.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá lọ bá àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n lè gbàdúrà ìrìn-àjò fún un. Sẹ̀gilọlá gbé agolo tíì kejì jáde kí ó lè dì í mọ́ ẹrù. Ewé inú rẹ̀ ò tó ìdajì mọ́. Nígbà tó gbé e, ìwé tí wọ́n ṣẹ́ po jábọ́ sílẹ̀, ó sì ṣí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Kò tètè dìde.

Àwòrán mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra. Ìgbà àkọ́kọ́, ife mẹ́ta nìkan ni ojú rẹ̀ rí. Báyìí ó rí ọfà. Nínú àwòrán kìíní, kẹ́tùrù ń yọ èéfín, ọfà sì ti ibẹ̀ lọ sínú ife. Ewé ò sí nínú ife. Nínú ìkejì, ọfà tún ti inú ife lọ sínú ìkòkò kékeré kan, ibẹ̀ ni ewé wà, èéfín sì ti kéré. Ìkẹta, aago. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n kùn ní dúdú lára rẹ̀, bí ẹ̀là ọsàn kan. Ìkẹrin, ìkòkò kékeré náà dorí kodò sórí ife, ẹ̀kán omi kan so rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó jókòó lórí àpótí ìdáná. Ó fi ìka tọ ọfà náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Omi kọ́kọ́ wọ ife. Kí ni omi ń wá nínú ife, tí yóò tún jáde?

Nígbà náà ló rántí Tẹ́júọlá lọ́mọ ọwọ́. Bí ó bá po ògì gbígbóná fún un, àwo méjì ló máa ń gbé sílẹ̀. Yóò dà á láti inú ọ̀kan sí èkejì, yóò tún dà á padà, títí gbígbóná rẹ̀ yóò fi mọ níwọ̀n. Ìyá tó bá kánjú, ahọ́n ọmọ ni yóò bó. Sẹ̀gilọlá wo ewé tín-ín-rín inú agolo. Oṣù mẹ́ta gbáko ni òun fi ń da omi híhó lé ọmọ ọwọ́ lórí.

Ó gbé omi kaná. Bí ó ti hó, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó dà á sínú ife kan, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó jó o lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀. Ó dà á sínú ife kejì, ó dúró, ó tún dì í mú. Nígbà tó lè gbá a mú láìpààrọ̀ ìka, ó ní ó tó. Kò bu ẹ̀kúnwọ́ mọ́. Ṣíbí kékeré kan ló bù sínú kọ́ọ̀bù olómorí, ó da omi lé e, ó dé e. Ti aago ò yé e tán, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀là kékeré yẹn ò lè pẹ́. Ó ka Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sẹ́ omi náà gba inú asẹ́ títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn. Ọwọ́ rẹ̀ ti na síbi ewé láti fún un. Ó fà á padà.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tọ́ ọ wò.

Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti èpo ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ẹnu rẹ̀ múra de ìkorò, kò bá a. Ohun tó bá jọ omi tí a fi ṣẹ̀ṣẹ̀ se àgbàdo tútù. Ìkorò díẹ̀ kan ahọ́n rẹ̀ létí, ó sì lọ. Adùn kan ṣẹ́kù sí ọ̀nà ọ̀fun, kì í ṣe ti ṣúgà.

Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ̀rù ló bà á sí i. Nítorí kò lè dá ewé lẹ́bi mọ́. Gbogbo ṣúgà yẹn, lásán ni. Ọwọ́ òun ni.

Adémúyìwá sùn ní Ìbàdàn lóru Jímọ̀, nítorí náà agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ò tíì lù tó fi dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó kí Sẹ̀gilọlá, ó wo àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ó dáa, àwọn lè tètè lọ kí oòrùn tó mú. Ó ti gbé ìrọ̀rí sórí ìjókòó iwájú ọkọ̀ fún ẹ̀yìn Bàbá.

Sẹ̀gilọlá gbé ife méjì wá.

Adémúyìwá rí àwọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Tẹ́jú, ẹ má fi èyí pa mí. Rẹ̀mí fi tiwa náà ránṣẹ́. Ó korò bí jogbo. Ìyàwó mi ní ká máa fi wẹ ajá."

Bàbá ti gbé tirẹ̀. Ó mu ún, ó sì dúró bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójúde. Ó tún mu ún.

"Kí lo fi sí èyí?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Omi ni, àti ewé."

Adémúyìwá wo ojú bàbá rẹ̀, ó wá tọ́ tirẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ là. Ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n kọ́ ìyàwó òun. Lẹ́yìn náà ló wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó sì na ọwọ́ sí àpótí.

Bàbá náà dìde. Ó wo pálọ̀ yíká, láti orí àga dé orí fọ́tò.

Sẹ̀gilọlá lè dákẹ́. Tíì ti dùn, wọ́n ti yìn ín, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ó rí ọwọ́ Bàbá lára apá àga, bó ṣe dì í mú tí kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Orúnkún Sẹ̀gilọlá tó ń dùn ún kan ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níwájú àpótí.

"Bọ̀dá Múyìwá, èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni? Ẹ dìde, mà."

"Mo purọ́ fún Àǹtí Rẹ̀mí. Èmi ni mò ń fi ṣúgà sí tíì Bàbá. Hóró mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo sè é bí àgbo, mo fọ̀ ọ́ bí ewúro, ó korò, Bàbá ò lè mu ún. Àánú wọn ṣe mí." Ó gbé ojú sókè díẹ̀. "Àìsàn ò le sí i. Ọwọ́ mi ni. Ẹ lè lé mi, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn gbé Bàbá lọ."

Adémúyìwá fi àpótí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Oṣù mẹ́ta? Ẹ mọ ohun tó lè ṣe sí ojú wọn? Sí ẹsẹ̀ wọn?"

"Múyìwá," Bàbá ní. Ó ti jókòó padà. "Ahọ́n mi ò tíì kú. Láti orí hóró àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

"Ẹ mọ̀, Bàbá?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

Bàbá Tíṣà, ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì na ọmọ tó bá purọ́, tẹ orí ba bí ọmọ iléèwé.

"Ó dùn ni," ó ní.

Adémúyìwá jáde lọ sídìí igi ọsàn, fóònù létí. Sẹ̀gilọlá wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Nígbà tó padà wọlé, ó na fóònù sí i.

"Ìyá Tẹ́jú," Olúrẹ̀mí ní, "ẹ purọ́ fún mi."

"Mo purọ́, Àǹtí."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ó dùn mí gan-an." Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Bọ̀dá Múyìwá ní ẹ ṣe é lónìí, kò korò. Ta ló kọ́ yín?"

"Àwòrán inú ìwé ni. Omi kọ́kọ́ wọ ife."

Sẹ̀gilọlá gbọ́ èémí kan, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Olúrẹ̀mí ní òun náà fi odindi ọdún kan da omi híhó lé ewé náà lórí ní Jàpáànù, òun ń jìyà rẹ̀, kí ìyá onílé òun tó gba kẹ́tùrù lọ́wọ́ òun. Ó ní òun ni kò ronú kàn án, pé ẹni tó wà ní Ìlá ò ní onílé tí yóò gba kẹ́tùrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá le padà. Oṣù kan ni òun fún wọn. Nọ́ọ̀sì yóò máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ Bàbá wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ṣúgà ò bá wálẹ̀, Bàbá ń lọ Èkó, kò sí àríyànjiyàn.

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Ó dìde pẹ̀lú ọwọ́ lórí orúnkún. Ó lọ sílé ìdáná, ó gbé páálí ṣúgà náà, tòun ti èyí tó ti ṣí. Ó gbé e jáde kọjá níwájú Bàbá, ó sì fi í sórí ìjókòó iwájú ọkọ̀, lórí ìrọ̀rí. Adémúyìwá wò ó. Ó gbé àpótí Bàbá padà sí yàrá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó sì wà á lọ.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi yà lórígun. Sẹ̀gilọlá ò mọ èyí tó ń juwọ́ sí, bóyá ọmọ ni, bóyá ṣúgà.

"Ìyá Tẹ́jú," Bàbá ní, láìyíjú, "omi ti hó bí?"

"Ó ti hó, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀."